Ọ̀rọ̀ Inú Ìwé Òfin Ẹgbẹ́: Báwo Ni Adájọ́ Ṣe Ń Túmọ̀ Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn Ayẹ̀wéwò Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá àwọn alága, akọ̀wé àti akápò sọ níbi àpérò àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó.)

Mo rí àwọn tó ti Àyèdé wá, mo rí àwọn ará Ìtapà àti Ìfàkì, mo sì rí àwọn ìyá wa tó fi ọjà sílẹ̀ nítorí ìpàdé yìí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. N kò ní kọjá rẹ̀, nítorí imú èmi náà ti gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Bí èèyàn bá gbọ́ pé ìjà dé sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé akápò ti kówó jẹ. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìjà tí wọ́n ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa, èyí tó máa ń pẹ́ jù lórí tábìlì, tó sì máa ń tú ẹgbẹ́ ká jù, kì í ṣe ti olè. Ti olè rọrùn: a ka owó, owó kò pé, ó tán. Èyí tó le ni ìjà tí ẹnikẹ́ni kò jalè nínú rẹ̀, tí ìwé òfin ẹgbẹ́ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, tí ìhà méjèèjì ń nàka sí ìlà kan náà, tí oníkálukú sì ń wí pé, “Ẹ wò ó, ó wà níbẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá. N kò ní dárúkọ ìlú, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́. Àgbẹ̀ kòkó kan wà tó ti ń dáwó láti ìgbà èwe rẹ̀. Nínú ìwé tí a fi ń yan ẹni tí yóò gba owó ẹni lẹ́yìn ikú, ó ní kí akọ̀wé kọ “ọmọ mi tó wà ní Àkúrẹ́”. Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò béèrè orúkọ. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, ọmọ méjì ló ti Àkúrẹ́ wá. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Èkejì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, tí bàbá yìí gbà tọ́ láti kékeré, tó rán lọ sí ilé ìwé, tó ń pè ní ọmọ mi lójú gbogbo ayé. Ta ni kí ẹgbẹ́ kówó fún? Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀ kan ni, bàbá náà kò sì purọ́ nígbà tó sọ ọ́.

N ó padà sórí owó yìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn adájọ́ ṣe ń ṣe é, nítorí bí ìjà bá kọjá ọwọ́ wa, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò já sí.

Adájọ́ kì í wo inú ọkàn ẹni tó kọ ìwé. Ìwé ló ń wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fẹ́ gbọ́ èyí. Akọ̀wé àgbà kan lè dìde ní kóòtù kó ní, “Olúwa mi, èmi ni mo kọ òfin yìí, mo mọ ohun tí mo ní lọ́kàn.” Adájọ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì ka ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá hàn gbangba, ìtumọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí ni yóò fún un, ẹ̀rí ẹnu kò sì lè yí i padà. Kò ní mú ìlà kan nìkan kà; yóò ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, nítorí ìlà kẹwàá lè sọ ohun tí ìlà kejì fi pamọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ní ojú méjì, ìgbà náà ni yóò béèrè pé, kí ni wọ́n ń gbìyànjú láti dí? Ihò wo ló wà tí wọ́n fi ṣe òfin yìí? Láti ọdún 1584 ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè ìbéèrè ìkẹyìn yìí, a sì jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú wíìgì orí àti ẹ̀wù dúdú.

Ṣùgbọ́n adájọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ mú jù lè dá ẹjọ́ tí yóò pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ní 1868, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ọkùnrin kan fi orúkọ ẹni tó ti kú dìbò. Òfin ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ẹni pé òun ni ẹlòmíràn “tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò”. Lọ́yà rẹ̀ dìde, ó ní òkú kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn adájọ́ wo ìwé, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì ní kí ọkùnrin náà máa lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀yin tí orúkọ òkú ṣì wà nínú rẹ́jísítà yín, ẹ rántí èyí. Ní 1964, wọ́n ṣe òdìkejì rẹ̀. Òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọmọ ogun lọ́wọ́ “ní àyíká” ibi tí ìjọba ti fi òfin dè. Wọ́n mú ọkùnrin kan nínú bárékè ọkọ̀ òfurufú. Ó ní òun kò sí ní àyíká, inú gan-an lòun wà. Àwọn adájọ́ ní irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ẹjọ́ méjèèjì yìí ni mo máa ń rántí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òfin dájú, kò lè já sí ibòmíràn.

Ní ilẹ̀ tiwa, èyí tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ ni ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari ní 1979. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá ṣe òṣèlú. Ayẹ̀wéwò kì í ṣe òṣèlú nídìí iṣẹ́. Mo mú un wá nítorí pé orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé, àti nítorí pé ìṣirò tó wà nínú ìlà náà wà nínú ìwé òfin ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó jókòó síbí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1979 ni wọ́n dìbò ààrẹ. Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Inú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwa Èkìtì wà, a kò tíì di ìpínlẹ̀ títí di 1996. Ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún ló fa olùdíje kalẹ̀. Alhaji Shehu Shagari ti NPN ní ìbò 5,688,857. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti UPN ní 4,916,651. Bí ó bá jẹ́ pé kí ìbò pọ̀ nìkan ni òfin wí, kò bá sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò náà fi kún un pé olùdíje gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú, ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí.

Ó dára. Kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Ẹ mú bírò yín. Méjìlá ni àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹyọ kan. Shagari ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12, kò sí ẹni tó jiyàn ìyẹn. Kano ni ìpínlẹ̀ tí ì bá di ìkẹtàlá. Ìbò tí wọ́n dì ní Kano jẹ́ 1,220,763. Shagari ní 243,423 níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin Kano ju 305,000 lọ, nítorí náà kò dé ibẹ̀. Àwọn ará ọ̀dọ̀ Awólọ́wọ̀ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdá ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni ìpínlẹ̀, a kì í gé e bí iṣu. Bí ó bá ti kọjá 12, ó di 13. Richard Akínjídé, lọ́yà NPN, ní rárá, ohun tí òfin wí ni kí a ṣe: ìpínlẹ̀ 12, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ìkẹtàlá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano jẹ́ 813,842. Ìdá kan nínú mẹ́rin èyí jẹ́ 203,460 àti ààbọ̀. Shagari sì ní 243,423. Ó ti kọjá a.

Àjọ ìdìbò FEDECO gba ìṣirò yìí, wọ́n sì kéde Shagari ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Awólọ́wọ̀ lọ sí ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ìdìbò, wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ nù. Ó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1979, ọjọ́ márùn-ún péré kí ológun tó gbé ìjọba sílẹ̀, adájọ́ méje lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Àtàǹdá Fàtáyì-Williams gbé ìdájọ́ wọn kalẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù fara mọ́ ìpínlẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, dá dúró: ó ní 13 ni, kí wọ́n gba ẹjọ́ Awólọ́wọ̀. Adájọ́ Andrews Obaseki ní ohun tó jọ mí lójú jù lọ. Òun náà ní 13 ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìdìbò náà ti tẹ̀lé òfin tó, kí wọ́n má ṣe yí i padà. Ẹ rí i pé adájọ́ méjì lè ka ìlà kan náà bákan náà, kí wọ́n sì jáde ní ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Títí di òní ni àwọn àgbà ń jiyàn ẹjọ́ yìí ní abẹ́ igi. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ yíyẹ ìwé owó wò, ibì kan ni kò yé mi nínú ìṣirò náà: wọ́n pín ìbò Kano sí mẹ́ta, wọ́n mú méjì, ṣùgbọ́n wọn kò pín ìbò olùdíje. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 243,423 jẹ́ 162,282, èyí kò sì tó 203,460. Bí akápò kan bá gé ọwọ́ òsì ìwé ìṣirò, tó fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lódindi, n ó dá ìwé náà padà fún un. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe adájọ́, ìdájọ́ wọn ló sì ṣẹ: wọ́n búra fún Shagari ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n tún jà lé lórí lẹ́yìn ìdìbò 2023, èyí sì kéré ju ìdá lọ: “àti” ni. Ìpínlẹ̀ ti di 36, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 24 géérégé, kò sí ìlàjì kankan. Ṣùgbọ́n ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ “àti” olú-ìlú Àbújá. Bọ́lá Tinúbú rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ tó ju 24 lọ, kò sì rí i ní Àbújá. Àwọn tó pè é lẹ́jọ́ ní “àti” túmọ̀ sí pé dandan ni Àbújá, lọ́tọ̀. Ilé ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, àti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí ibòmíràn nínú ìwé òfin kan náà tó ní kí a máa wo Àbújá bí ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀. Kò lè wá ga ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo sọ níṣàájú nìyẹn, pé adájọ́ kì í ka ìlà kan kó pa ìwé dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí.

Ìwé òfin ẹgbẹ́ púpọ̀ ní kí a tó lè yọ ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ká sọ pé ẹgbẹ́ yín jẹ́ 30. Ènìyàn 19 ló wá sí ìpàdé. Wọ́n nawọ́, 12 ní kí a yọ ọ́, márùn-ún ní rárá, méjì kò nawọ́ rárá. Ṣé ó ti kúrò? Bí “ọmọ ẹgbẹ́” bá túmọ̀ sí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà, 20 ni ẹ nílò, ẹ kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Bí ó bá túmọ̀ sí àwọn tó wá, 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ẹ kò sì lè mú ènìyàn kan kí ẹ gé e bí wọ́n ṣe gé Kano, 13 ni ẹ nílò, ó ku ọwọ́ kan. Bí ó bá sì túmọ̀ sí àwọn tó wá tí wọ́n sì nawọ́, ènìyàn 17 ni, 12 náà ti tó, wọ́n ti yọ ọ́. Ìlà kan náà, ọwọ́ 12 kan náà, ìdáhùn mẹ́ta. Ẹni tí ẹ ń yọ ní owó tó ti dá fún ogún ọdún nínú àpò yín, kò ní gbà bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Gbólóhùn mẹ́rin péré tí ẹ bá fi kún un, “tó wá sí ìpàdé”, ì bá ti pa iná náà.

Ẹ tún wo ọjọ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, nítorí kò sí ìwé tó kọ́ wa ní ilé ìwé. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́, òní jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Bí ọjà bá ná lónìí, tí yóò tún ná ní ọrún, a ń pè é ní ọjọ́ márùn-ún, oru mẹ́rin péré ló sì wà láàárín. Ìtàdógún tí a ń pè ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, oru mẹ́rìndínlógún ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ìpàdé àjọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ọjọ́ ìsìnkú. Òfin Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1964 kò kà á bẹ́ẹ̀. Ó ní bí a bá ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí akọ̀wé bá pín ìwé ìpè ní ọjọ́ kìíní oṣù, tí ìwé òfin ní kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, tí ẹ sì ṣe ìpàdé ní ọjọ́ kẹrìnlá, ní ojú ìyá àgbà, ọjọ́ pé. Ní ojú òfin, mẹ́tàlá ni. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe ní ìpàdé náà, bí ẹ bá yan alága tuntun, bí ẹ bá pín èrè, bí ẹ bá yọ ẹnikẹ́ni, lọ́yà kan lè tú u ká nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo. Òfin kan náà ní oṣù túmọ̀ sí oṣù kàlẹ́ńdà, kì í ṣe oṣù tó ń lé lójú ọ̀run. Lọ́yà lè jiyàn pé òfin ìjọba ni wọ́n ṣe é fún, pé kò kan ìwé òfin ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín pé, “a kò ní ka ọjọ́ tí a pín ìwé ìpè, a kò sì ní ka ọjọ́ ìpàdé.”

Òfin yẹn náà ló sọ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ ọkùnrin, obìnrin wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n sọ níbì kan pé obìnrin kò lè ṣe alága nítorí pé ìwé òfin tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ń pe alága ní ọkùnrin. Èdè tiwa kò ní wàhálà yìí. “Ó” ni gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n èdè tiwa ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá bí a ṣe ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé kan, mo rí ìlà yìí: “Igbimo pinnu lati ko owo na.” Ṣé wọ́n kó o ni, àbí wọ́n kọ̀ ọ́? Ọ̀kan ní owó wà lọ́wọ́ akápò, èkejì ní kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ko san”: kó san, àbí kò san? Àwọn kan kọ ọ́ pé, “A ra oko fun egbe.” Mo béèrè pé ṣé oko tí a ń ro ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, àbí ọkọ̀ tí yóò gbé iṣu wálé. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ́ ni, mẹ́fà. Ẹ̀rín rọrùn nígbà tí akọ̀wé ṣì wà láàyè. Ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kóòtù. Ìwé tí a kọ ní Yorùbá, àfi kí a kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ kí a tó mú un kalẹ̀ bí ẹ̀rí. Ògbufọ̀ náà, tí kò sí níbi ìpàdé yín rí, ni yóò wá bá yín mú ọ̀kan nínú kó àti kọ̀. Àmì orí ọ̀rọ̀ kì í ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Ti onídùúró ni mo fẹ́ kàn díẹ̀. Ìwé ẹ̀yáwó púpọ̀ ní, “àwọn onídùúró méjèèjì yóò san gbèsè náà bí ẹni tó yá a kò bá san.” Gbèsè jẹ́ ₦600,000, ẹni tó yá a ti gba Èkó lọ, onídùúró kan ti kú. Èkejì mú ₦300,000 wá, ó ní ìdajì tòun nìyí. Ìgbìmọ̀ ní gbogbo rẹ̀ ni. Ta ló jàre? Bí ìwé bá ní wọ́n dúró “lápapọ̀ àti lẹ́nì kọ̀ọ̀kan”, ẹgbẹ́ lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan, kí òun náà wá lọ bá ẹbí onídùúró kejì sọ ọ́. Bí kò bá wí bẹ́ẹ̀, ìwé náà ní ojú méjì, àwọn adájọ́ sì ní àṣà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: bí ìwé àdéhùn bá rú wọn lójú, wọ́n máa ń túmọ̀ rẹ̀ lòdì sí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ lẹ kọ ìwé ẹ̀yáwó. Onídùúró kàn wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó bá sì ń kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé, òfin ní kí ó kà á fún un kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ kí ẹni náà tó tẹ̀ka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i pé òun lòun kọ ọ́. Mo ń yẹ ìwé wò ní agbègbè yìí. Ọ̀pọ̀ ìka ni mo ń rí, orúkọ ẹni tó kọ ìwé kò wọ́pọ̀.

Mo ní n ó padà sórí owó àgbẹ̀ kòkó. “Ọmọ mi tó wà ní Àkúrẹ́” jẹ́ ọ̀rọ̀ tó hàn gbangba títí a fi rí ọmọ méjì. Irú èyí ni òfin ti gbà wá láyè láti wá ẹ̀rí sí i láti ìta: báwo ni olóògbé ṣe máa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìwé wo ló tún kọ? Ìjà ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kì í sì í kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Òfin àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ìjà tó bá kan iṣẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ Olùdarí ni kí ó kọ́kọ́ dé. (Bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá gbá ara wọn létí níbi ẹmu, ìyẹn kò kan iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ má gbé e wá.) A tú rẹ́jísítà àtijọ́. A rí ìwé kan tí bàbá yìí ti kọ́kọ́ tẹ̀ka sí, kí wọ́n tó pààrọ̀ fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé ìgbà náà béèrè orúkọ: ọmọ ẹ̀gbọ́n ni. Ìwé àtijọ́ ló túmọ̀ ti tuntun, òun ni ẹgbẹ́ sì kówó fún. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò bá wa jà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé òun àti èkejì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, akọ̀wé tó kọ “ọmọ mi” sì ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú wọn.

Nítorí náà, nínú fọ́ọ̀mù yẹn, orúkọ àti orúkọ bàbá, kí ẹ sì kọ bí ó ṣe tan mọ́ ọn: “ọmọ tí mo bí”, “ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi bí”. “Ìyàwó mi” kò tó fún ẹni tó ní méjì, kò sì tó fún ẹni tó ní ọ̀kan lónìí, nítorí a kò mọ ọ̀la. “Àbúrò mi” kò tó rárá. Gbogbo ìlú ni àbúrò wa.

Ohun kan ló kù. Bí ẹ bá padà sílé tí ẹ sì tún ìwé òfin yín ṣe, àtúnṣe náà kò tíì di òfin lọ́jọ́ tí ẹ nawọ́ sí i. Àfi ìgbà tí Olùdarí bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kí ó tó ní agbára, nítorí náà ẹ má ṣe fi òfin tuntun yọ ẹnikẹ́ni kí ìwé tó dé. Àwọn tó mú ìwé òfin wọn wá, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó wà létí fèrèsé. Àwọn tí ọ̀nà wọn jìn jù ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn.